Agolo, Eérú àti Àkísà: Ohun Àlòkù Nínú Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà Yorùbá

Ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí ń gbé ní Ìpájà ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn jókòó níbi ìpàdé àwọn obìnrin àdúgbò wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ọjọ́ náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó wá kọ́ wọn ti kó ike omi, agolo tòmátì, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti àkísà jọ sórí tábìlì, ó sì ń fi hàn wọ́n bí a ti ń gé ike kí ó lè di ìkòkò òdòdó, àti bí a ti ń fi ọ̀rá omi hun àpò. Iṣẹ́ náà dára, kò sì gba owó lọ títí. Ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ọgbọ́n tuntun nìyí o. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ là wá lójú pé ohun tí a dà sí ààtàn lè di ọnà.” Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, kí ni o rò pé àwa fi ń rin ẹ̀gẹ́ kí ẹ̀rọ tó dé?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà kúnlẹ̀, ó ní kí ìyá má bínú. Kò sí ìbínú níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yìí kò ti jẹ́ kí n sinmi, nítorí ó kan iṣẹ́ tí èmi fi ń jẹun. Àwa tí a ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà Yorùbá a máa kọ nípa igi, idẹ, amọ̀, òwú àti ìlẹ̀kẹ̀. Agolo kì í sí nínú ìwé wa, eérú kì í sí níbẹ̀, àkísà a sì máa wọ inú rẹ̀ bí ẹni tí ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ìyá náà lóhùn. Kí ilé Èkó tó rìn dé Ìpájà, kí ìjọba Alhaji Lateef Jakande tí ó wà lórí oyè láti 1979 sí 1983 tó kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú sí Abẹ́sàn, oko ni ó pọ̀ jù ní apá ilẹ̀ Àwórì yìí, ẹ̀gẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń gbìn. Láti rin ẹ̀gẹ́, wọn a mú garawa tí epo kẹrosíìnì ti wà nínú rẹ̀ rí, wọn a là á, wọn a fi òòlù tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Wọn a wá fi ìṣó lu ihò wẹ́wẹ́ sí i láti ẹ̀yìn, kí etí ihò náà lè yọ síta bí eyín. Wọn a tẹ páànù náà kí ó rí bí ẹ̀yìn ìjàpá, wọn a sì kàn án mọ́ pákó. Nígbà tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, inú àpò tí ìrẹsì tàbí kòkó ti wà rí ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, òkúta ni wọ́n sì ń gbé lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Bí a bá wo ẹsẹ̀ iṣẹ́ gàárì láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé díẹ̀ ni ohun èlò ibẹ̀ tí kò ti jẹ́ ohun mìíràn tẹ́lẹ̀.

Garawa náà tó ìtàn fún ara rẹ̀. Onígálọ́ọ̀nù mẹ́rin ni, méjì-méjì ni wọ́n sì máa ń kó o sínú àpótí pákó láti òkèèrè wá. Bí epo bá ti tán, garawa a di ohun ìpọnmi àti òṣùwọ̀n epo pupa ní ọjà, àpótí rẹ̀ a sì di àga ìjókòó. Agolo mílíìkì a di fìtílà, àkísà a di òwú inú rẹ̀. Àwọn ọmọdé a fi agolo sadíìnì ṣe ọkọ̀, wọn a fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Títí di òní, ẹni tí ó bá lọ sí ọjà ní Ìpájà láti ra ẹ̀wà, dẹ́ríkà ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n fún un. Orúkọ ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ó ń ṣe tòmátì inú agolo ni De Rica; agolo wọn ni ó di òṣùwọ̀n, orúkọ náà sì di ti Yorùbá débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ pé tòmátì ti wà nínú rẹ̀ rí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa òwe yìí láti fi gbé ìrírí àgbà ga. Èmi fẹ́ kí a gbọ́ ọ bí ó ti wà gan-an: ẹni tí ó pa òwe yìí ka àkísà mọ́ ọrọ̀. Ó mọ̀ pé wọn kì í sọ ọ́ nù.

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìyánà-Ìpájà, ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta ni ó dúró sí. Ẹ jẹ́ kí a bá ọ̀nà náà lọ, nítorí Abẹ́òkúta ni àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà, èyíinì ni àdìrẹ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé aró dídá ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n àdìrẹ tí ó sọ Ìtòkú di ọjà tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ó gbilẹ̀. Aṣọ funfun òyìnbó tí àwọn aláró ń pè ní tẹ́rú ni ó mú un rọrùn, nítorí aṣọ náà fẹ́lẹ́, ó sì tẹ́jú ju kíjìpá lọ. Ojú irin tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Abẹ́òkúta kọjá, òun ni ó sì ń kó tẹ́rú àti ọjà òkèèrè mìíràn wọ inú ilẹ̀. Níbi tí ọjà òkèèrè bá sì wọ̀, àpótí àti agolo tí wọ́n fi dì í yóò bá a wọlé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń ṣe àdìrẹ. Àdìrẹ oníko ni èyí tí a fi ìko dì. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹ̀kẹta ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ, òun sì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Láfún ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ náà, wọ́n a fi álọ́ọ̀mù sí i. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò lára aṣọ, aró kò ní lè mu ún dáadáa. Bí aṣọ bá gbẹ tán tí wọ́n sì ha ẹ̀kọ kúrò, ọnà yóò yọ ní funfun tàbí ní àwọ̀ òféfèé. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà ni ẹ̀yìn aṣọ ṣe máa ń dúdú kedere. Ní Ìbàdàn, àwọn obìnrin a máa fi ọwọ́ ya ọnà náà, ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀yìn imọ̀ ọ̀pẹ ni ohun ìyàwòrán wọn. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: adìẹ ti wọ inú ọbẹ̀ lọ, ìyẹ́ rẹ̀ ni ó kù tí ó ń ya Ìbàdàndùn pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Mápó lára aṣọ.

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń gé ọnà sára páànù fẹ́lẹ́, tí wọn a wá tẹ́ ẹ lé aṣọ, tí wọn a fi irin pẹlẹbẹ há ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀ kọjá. Páànù wo? Èyí tí wọ́n fi tẹ́ inú àpótí tíì láti òkè òkun ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Òyìnbó fi páànù náà sínú àpótí kí òtútù òkun má ba ewé tíì jẹ́. Nígbà tí wọ́n bu tíì tán, àpótí ṣófo, páànù di àlòkù. Ẹnìkan ní Abẹ́òkúta wò ó, ó rí i pé ó fẹ́lẹ́ tó kí ọ̀bẹ lè gé e, ó sì le tó kí ẹ̀kọ má bà á jẹ́ bí yóò ti ba ìwé jẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Ohun tí obìnrin kan yóò fi ìyẹ́ adìẹ yà fún ọjọ́ pípẹ́, páànù yóò tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ láàárín àkókò díẹ̀, yóò sì tún un tẹ̀ sára òmíràn láìyàtọ̀. Nígbà tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935, àwòrán ọba àti ayaba wọ orí àdìrẹ, aṣọ náà sì tà kálẹ̀ lábẹ́ orúkọ Júbílì.

Jane Barbour àti Doig Simmonds kó ìwádìí nípa aṣọ yìí jọ nínú ìwé kan tí Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1971. Ìwé náà dára, gbogbo wa ni a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Síbẹ̀, nígbà tí mo ń kà á ní òkè òkun fún iṣẹ́ oyè mi, ohun kan ni ó ń pe àkíyèsí mi. Bí àwa òǹkàwé bá dé ibi ọ̀rọ̀ ẹ̀lú, àwa a máa sọ pé àṣà baba ńlá ni. Bí a bá dé ibi páànù, ohùn wa a rẹlẹ̀, a ó sọ pé wọ́n lo ohun tí ọwọ́ wọn bà. Mo lérò pé ibi tí ohùn ń rẹlẹ̀ yìí gan-an ni ó yẹ kí ó ti gòkè. Ẹ̀lú ti wà nínú igbó láti ìgbà láéláé, ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́ ọ yóò mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wo inú àpótí tíì tí ó sì rí aṣọ níbẹ̀, kò sí baba tí ó kọ́ ọ.

Aró fúnra rẹ̀ kò dá dúró lórí ẹ̀lú nìkan. Eérú ni ìdajì rẹ̀. Àwọn aláró a máa kó eérú ìdáná àti ti èèpo kòkó jọ, wọn a rọ ọ́ sínú ìkòkò tí a lu ihò sí ní ìdí, wọn a gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, wọn a sì máa da omi sí i kí ó lè máa ro díẹ̀díẹ̀. Omi tí ó bá ro sílẹ̀ yìí ni wọ́n fi ń po ẹ̀lú, ó sì di ọjọ́ mélòó kan kí aró tó bọ̀. Láìsí omi eérú, ewé lásán ni ẹ̀lú. Bákan náà ni ọṣẹ dúdú: àdín àti omi eérú ni. Obìnrin tí ó bá gbá ìdí ààrò rẹ̀ ní àárọ̀, ohun tí ó gbá jọ náà ni yóò fi wẹ̀, òun náà ni yóò sì fi pa aṣọ ọkọ rẹ̀ láró.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé mo ń sọ pé àwọn ìyá wa fẹ́ràn eérú. Bí ohun tí ó yá ju eérú lọ bá dé, wọ́n mọ̀ ọ́n. Láti 1897 ni ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ti ń ta aró tí a kò fi ewé ṣe, nígbà tí ó sì di àárín ogun àgbáyé méjèèjì, àwọn aláró Abẹ́òkúta ti ń ra aró òyìnbó àti sódà líle dípò eérú, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ a di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Ẹ̀sùn wá dìde pé aṣọ ń gbó kíákíá, pé ọjà ń bàjẹ́. Aláké Ladàpọ̀ Adémọ́lá Kejì àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kò gbà, wọ́n fárí gá, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ìgbìmọ̀ olùwádìí jókòó lé lórí ní 1936. Judith Byfield ti tú ẹjọ́ yìí palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2002. Àwọn kan nínú wa a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àwọn obìnrin náà ta àṣà wọn nù. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń lo eérú ní àná, tí ó ń lo sódà ní òní, ìṣirò kan náà ni ó ń ṣe: kí ni yóò ná mi, ìgbà wo ni yóò sì gbà? Lílo àlòkù kì í ṣe ìwà mímọ́, kì í sì í ṣe òṣì. Ìṣirò ni.

N kò ní pẹ́ lórí aṣọ híhun. Àlàárì, tí a fi ń sọ pé ènìyàn wọ aṣọ ńlá, òwú pupa rẹ̀ ti àtijọ́ gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Kánò, orúkọ rẹ̀ sì bá alharini tí àwọn Haúsá ń pè é mu. Ìyókù sílíìkì tí àwọn ilé iṣẹ́ Gúúsù Yúróòpù kò ní ohun tí wọn yóò fi ṣe ni púpọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n pa láró tí wọ́n sì fi ṣọwọ́. Ìyókù ibòmíràn ni ó di aṣọ ọba níhìn-ín. Ti eégún kò ní mi lẹ́nu gbọ́: aṣọ lórí aṣọ, ọdọọdún ni ìdílé ń fi tuntun kún ti àtijọ́, kò sì sí ẹni tí yóò pe aṣọ eégún ní àkísà tí ẹnu rẹ̀ yóò dùn.

Ó tó ibi tí ó yẹ kí n kìlọ̀ fún ara mi, nítorí ẹni tí ó bá mú òòlù lọ́wọ́, gbogbo nǹkan a máa jọ ìṣó lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi ń sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ Ilé-Ifẹ̀, àwọn tí Frobenius rí ẹ̀rí wọn ní igbó Olókun ní 1910, gíláàsì òkèèrè ni wọ́n yọ́ láti fi ṣe wọ́n. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé Ifẹ̀ kò lè mọ bí a ti ń ṣe gíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀, àlòkù ẹlòmíràn ni ó ń tún lò. Ìwádìí tí ó jáde láti 2006 ti fi hàn pé èròjà gíláàsì náà kò bá ti ibòmíràn mu. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalọlá sì wa ilẹ̀ náà, tí ó tẹ ohun tí ó rí jáde ní 2017, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000 àti àpáàdì ìkòkò ìyọ́gíláàsì tí ó lé ní 800 ni ó bá níbẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ohun inú ilẹ̀ ara wọn ni àwọn ará Ifẹ̀ fi ń ṣe gíláàsì. Ní Bídà ní ilẹ̀ Nupé, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀: àwọn Màsàgá yọ́ ìgò òyìnbó fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ ní tòótọ́, Nadel sì kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ ti 1942. Ìgò ni ti Bídà, yanrìn ni ti Ifẹ̀. Kò sí èyí tí ó ga ju èkejì nínú wọn, ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ ti gba ohun tí í ṣe ti ẹnìkan fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ta ni ó ni kí ni yìí ni ó gbé mi padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, mo máa ń lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní ọjọ́ ìsinmi. Aṣọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí El Anatsui, ọmọ Gánà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì Nsukka ní 1975, fi irin ìdérí ìgò ọtí àti wáyà bàbà rán pọ̀. Ó ń kọ mọ̀nàmọ́ná bí aṣọ oyè. Ilé náà ni ó tún ra iṣẹ́ Romuald Hazoumè ní 2007, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1962, tí ó kó kẹ́ẹ̀gì epo 304 jọ ní ìrísí ọkọ̀ ẹrú. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń gbé epo láti ilẹ̀ wa kọjá ẹnubodè ni. Bí a bá gé e ní ìdí, ọwọ́ rẹ̀ a di imú, ẹnu rẹ̀ a di ẹnu ènìyàn, ẹni tí ó bá sì mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò mọ ibi tí ojú Hazoumè ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 2015 ni wọ́n fún Anatsui ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó tọ́ sí i, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n aṣọ àdìrẹ wà nínú àkójọ ilé kan náà, kì í sì í ṣe orúkọ ẹni tí ó gé páànù ni ènìyàn máa ń bá lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Yorùbá ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, àti àsìkò tí wọ́n lérò pé wọ́n ṣe é. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú àwọn iṣẹ́ yìí, ìyàtọ̀ wọn kò ju pé ọ̀kan ní orúkọ, èkejì kò ní. Àwa òpìtàn ni a ṣe é. Nígbà tí àwọn tí ó gé páànù wà láàyè, kò sí ẹni tí ó kà á sí ohun tí a ń béèrè orúkọ rẹ̀.

Bí mo ti ń padà bọ̀ láti ìpàdé Ìpájà, mo bi ìyá arúgbó náà bóyá páànù tí ó fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣì wà, kí n lè yà á ní fọ́tò, kí n sì kọ orúkọ ẹni tí ó lu ihò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọkọ òun ni ó lù ú, ó sì dárúkọ rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n páànù kò sí mọ́. Ó ti tà á fún àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri ra irin àtijọ́, owó tí wọ́n fún un kò ra dẹ́ríkà gàárì kan. Pákó rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìdáná. Orí rẹ̀ ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń rẹ́ ewébẹ̀ sí.